Ìbàdí tó ń fẹ̀ sí i àti àpò tó ń yọ lára ìfun

Ní ọjọ́ kan tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìsánlú, bàbá kan wọlé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí télọ̀ náà ti ń ránṣọ fún láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ìsìnkú àgbà kan ni bàbá fẹ́ rán. Télọ̀ yí tépù mọ́ ọn ní ìbàdí, ó wo nọ́ńbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó wá ń ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti gbó padà sẹ́yìn títí ó fi kan ojú ewé tí orúkọ bàbá wà. Ó ní, "Bàbá, íńṣì 36 ni mo kọ síbí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ti di 43 báyìí. Ẹ kú ìgbádùn o." Gbogbo àwa tí a jókòó síbẹ̀ ló bá a kí i. Bàbá fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Kò sí ẹni tó ní ohun búburú lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó bá rù lójijì ni à ń bi léèrè pé ṣé kò sí o. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá yọ, ńṣe ni a máa ń bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n íńṣì méje tó wọ inú ìwé télọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn lójú oníṣègùn. A ti gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti gbọ́ ti ìtọ̀ ṣúgà, a sì ti sin àwọn èèyàn tí méjèèjì pa. Ohun tí a kò tíì gbọ́ tó ni pé ọ̀rá tó bá kó jọ sí ikùn lè ṣe ìfun ńlá pàápàá ní jàǹbá, àti pé ó wà lára ohun tó ń mú kí àrùn kan tí àwọn dókítà ń pè ní diverticular disease burú sí i. Àrùn àpò ara ìfun ni èmi yóò máa pè é nínú àlàyé yìí, nítorí pé ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn nínú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá lára wa, gígùn rẹ̀ sì tó mítà kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi tó kù nínú pàǹtí oúnjẹ, tí iṣan ìfun sì ń fún un, tí ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dé ìdí. Iṣan yìí kò nípọn bákan náà níbi gbogbo. Àwọn ojú kan wà tí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú ìfun, àwọn ojú wọ̀nyí ló sì fẹ́lẹ́ jù. Bí ìgbẹ́ bá ń gbẹ, tí ó ń le, tí ìfun sì ní láti máa fi agbára fún un lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ inú lọ́hùn-ún a máa gba ojú tó fẹ́lẹ́ yẹn yọ síta, a sì wú bí àpò. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti là, tí ó rí i bí tíúbù ṣe yọ kókó síta láti ojú ibi tó là náà, á ti mọ bí àpò ara ìfun ṣe rí. Púpọ̀ nínú àwọn àpò náà kò ju mìlímítà 5 sí 10 lọ, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, àmọ́ wọ́n lè pọ̀ tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹnì kan ṣoṣo. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, apá òsì nísàlẹ̀, níbi tí ìfun ńlá ti tẹ̀ wọ́rọ́kọ́ kí ó tó dé ìdí, ni ó pọ̀ sí jù lọ. Lára àwọn ará Éṣíà, apá ọ̀tún ni wọ́n ti sábà máa ń rí i.

Kí èèyàn ní àpò wọ̀nyí yàtọ̀ sí kí ó ṣàìsàn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lọ tó ní in, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní mọ̀ títí ayé, nítorí pé kò ní dùn wọ́n rárá. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà bá wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kòkòrò àìfojúrí sì kó sínú rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní diverticulitis. Ìwádìí òde òní fi hàn pé kò tó èèyàn 5 nínú 100 àwọn tó ní àpò tí èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní gbàgbé. Inú rírun a máa mú un ní apá òsì nísàlẹ̀ ikùn, ibà a tẹ̀ lé e, ìgbẹ́ a dí tàbí kí ó máa ṣàn. Bí àpò náà bá bẹ́, ìgbẹ́ lè tú sínú ikùn, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì. Nígbà mìíràn, ihò a lu láàárín ìfun àti àpò ìtọ̀, tí afẹ́fẹ́ á fi máa bá ìtọ̀ jáde. Ọ̀nà kejì tí àrùn yìí ń gbà yọjú ni ẹ̀jẹ̀: òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́bàá àpò a já, ẹ̀jẹ̀ a sì tú jáde láti ìdí lójijì, ó lè pọ̀ gan-an, láìsí ìrora kankan.

Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sọ fún wa pé àrùn yìí kì í ṣe tiwa. Ní ọdún 1971, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, Neil Painter tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, kọ àpilẹ̀kọ kan tó di olókìkí nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àrùn àìtó oúnjẹ kan ni àrùn àpò ara ìfun, pé ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣàìní ni fáíbà, ìyẹn ṣàkàṣàkà ara ewébẹ̀, èso àti ọkà tí ikùn kì í lọ̀ tán. Burkitt ṣàkíyèsí pé ìgbẹ́ àwọn ará abúlé ní Áfíríkà pọ̀, ó rọ̀, ó sì tètè ń jáde, nígbà tí ti àwọn ará ìlú rẹ̀ kéré, tó le, tó sì ń pẹ́ lọ́nà. Ọ̀pọ̀ dókítà wa ló kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn nílé ìwé, tí wọ́n sì di í mú pé aláwọ̀ dúdú kì í ní in. Ojú tèmi ni pé ibi tí a ti ṣì í gbọ́ nìyẹn. Oúnjẹ ni àwọn méjèèjì sọ pé ó ń dáàbò bo àwọn ará Áfíríkà, wọn kò sọ pé àwọ̀ ara ni. Bí oúnjẹ bá yí padà, ààbò náà lọ nìyẹn. Láti ìgbà tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà sì ti ní okùn ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà lórí, èyí tí wọ́n ń gba ìdí kì wọ inú ìfun, ni wọ́n ti ń rí àpò wọ̀nyí lára àwọn èèyàn wa. Àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó ti kọ̀wé jáde nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n rí i lára wọn.

Níbo wá ni ìsanrajù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ọdún 18 tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin 47,228 tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, láti ọdún 1986 sí 2004. Wọ́n ń kọ bí ara wọn ṣe wúwo tó sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wọn ìbàdí ara wọn, wọ́n sì ń wo ẹni tí àìsàn ìfun yìí dé bá. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ni pé kí a mú kílò ara èèyàn, kí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ga ní mítà 1.70 tí ó wọn kílò 87 yóò rí 30, ibẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsanrajù. Àwọn ọkùnrin tí tiwọn jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ewu àpò wíwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí tiwọn kò tó 21, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Èyí tó gba àfiyèsí mi jù ni ti ìbàdí. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tí ìbàdí wọn fẹ̀ jù wé àwọn tí tiwọn kéré jù, ewu àpò wíwú fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ti ẹ̀jẹ̀ dídà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lára àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó ju 46,000 lọ, àwọn tó ti fi kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sanra sí i láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọdún 18 ní ewu àpò wíwú tó fi ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí ara wọn kò yí padà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí méjèèjì, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n wò, nítorí náà kò yẹ kí a gbé nọ́ńbà wọn lé àwọn ará Yàgbà tàbí Ìjùmú lórí bí ẹni gbé fìlà. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni àrùn yìí ń mú. Ẹni tínńrín náà lè ní in, nítorí pé àjogúnbá kó ipa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, bí ìwádìí lára àwọn ìbejì ní ilẹ̀ Sweden àti Denmark ṣe fi hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rá inú ikùn ń ṣe kì í wo àwọ̀. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ apá àti itan kò ní agídí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ká ìfun àti ẹ̀dọ̀ mọ́ ni aláìgbọràn. Kì í jókòó jẹ́ẹ́ bí àdí inú ìgò. Ó ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ara máa gbóná, kí ó máa wú, bí ẹni pé egbò kan wà níbì kan tí kò jinná. Ìsanrajù tún ń yí irú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun padà, àwọn tó ń ṣe wá lóore a sì dín kù. Ara ìfun tó ti ní àpò tẹ́lẹ̀ ni gbogbo èyí wá ń bá.

Kí a wá wo ilé wa. Àwọn bàbá wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogi kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Iyán ni wọ́n jẹ dàgbà, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí iyán, nítorí iṣu fúnra rẹ̀ ní fáíbà díẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tó yí iyán ká. Ẹni tó jẹ ẹ lọ́jọ́sí ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ti kọ ebè, ó sì ti ru igi bọ̀ wálé. Ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ewébẹ̀ tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀bọ̀lọ̀ tó kún àwo, irú wà níbẹ̀, ẹran ni kò tó nǹkan. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wà, ó lè jẹ́ ọ̀ọ̀lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọkà bàbà. Lónìí, búrẹ́dì funfun àti tíì oníṣúgà ni àárọ̀, ráìsì funfun ni ọ̀sán, iyán ńlá pẹ̀lú ẹran mẹ́ta àti ọbẹ̀ tó lé epo téńté ni alẹ́, mínírà sì ni a fi ń lé e. Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a sọ jáde láìbò ó: ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa sá kúrò ní oko ọ̀nà jíjìn. Ọkùnrin ọmọ àádọ́ta ọdún tí kò lè lọ sóko mọ́, tó ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ sídìí igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ààbò ni kò sí. Ara rẹ̀ náà sì ń san gbèsè àìsí ààbò yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń kà á mọ́ ọn.

Kódà, nǹkan kékeré bí ọsàn kọ́ mi ní ẹ̀kọ́. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyí: a ó bó èèpo rẹ̀, a ó gé orí rẹ̀ kúrò, a ó fún omi rẹ̀ mu, a ó sì ju ìyókù nù. Ohun tí a jù nù yẹn ni fáíbà. Ìdajì èrè ọsàn ló wà nínú pàǹtí tí à ń kó fún ewúrẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò kọ́kọ́ sọ, kò sì sí ilé tí kò mọ àgbo rẹ̀. Ó dá lórí ìrírí àwọn àgbà wa pé ohun dídùn àpọ̀jù máa ń da ìdí láàmú, èmi kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ìrírí náà. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìdí jáde kì í ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ó lè jẹ́ àpò ara ìfun tó ń da ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí a lè gé kúrò bí a bá tètè rí i. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn, ahọ́n tó ń tọ́ àgbo wò kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa fi oṣù mẹ́fà gbáko mu àgbo fún ẹ̀jẹ̀ tó rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ti inú rírun pẹ̀lú ibà, táífọ́ọ̀dù ni a máa ń pè é, a ó sì ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́mísì, a ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì fi í sílẹ̀. Àgbo tó ń ṣu èèyàn gbuuru àti omi tí wọ́n ń rọ sí ìdí kò dára rárá fún ẹni tí àpò ìfun rẹ̀ ti wú, nítorí pé ìfun tó yẹ kí ó sinmi ni wọ́n ń tì kiri.

Oògùn ìrora náà wà lára ohun tó ń dá kún un. Àwọn bí ibuprofen àti diclofenac, tí àwọn àgbà ń lò fún orúnkún àti ẹ̀yìn dídùn, ń mú kí ewu àpò wíwú àti ẹ̀jẹ̀ dídà pọ̀ sí i, pàápàá bí èèyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wé mọ́ra: ara tó wúwo ló ń dá orúnkún lóró, orúnkún ló ń rán wa lọ ra oògùn, oògùn sì ń kọlu ìfun tí ọ̀rá ti kọ́kọ́ ń dà láàmú.

Àwọn kan tí dókítà ti sọ fún pé wọ́n ní àpò lára ìfun ń sá fún ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, àgbàdo àti hóró kajú, wọ́n ní hóró wọn lè há sínú àpò. Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn, àwọn dókítà fúnra wọn ló sì ń fún èèyàn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2008, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin 47,228 kan náà fi hàn pé ẹ̀pà, àgbàdo àti gúgúrú kò dá kún àrùn náà. Kódà, àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà àti gúgúrú dáadáa ni tiwọn kéré jù. Ní agbègbè tí kajú ti jẹ́ owó oko, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì jẹ́ ọkọ iyán, ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 lórí èèyàn tó ju 47,000 lọ rí i pé ewu àwọn tí kì í jẹ ẹran fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́. Mi ò sọ pé kí a má jẹ ẹran níbi ìnáwó. Kí ewébẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ nínú àwo lọ́jọ́ tí kò sí ìnáwó ni mò ń sọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tó kéré tán gíráàmù 25 lójúmọ́. Àwo ẹ̀wà sísè kan tó kún dáadáa lè mú èèyàn dé ìdajì rẹ̀, ewébẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ọsàn tí a jẹ tòun ti pàǹtí rẹ̀ a sì gbé e débi tó kù. Kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lójijì, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì máa mu omi tó pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú rẹ̀ yóò kún fún afẹ́fẹ́. Ní ti ìbàdí, tépù télọ̀ tó. Bí ti ọkùnrin bá ju íńṣì 40 lọ, tàbí ti obìnrin ju 35, ikùn ti gbé ọ̀rá ju bó ti yẹ lọ. Láti íńṣì 37 fún ọkùnrin àti bí 32 fún obìnrin ni ó sì ti yẹ kí a ti máa ṣọ́ra. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ tó ìwọ̀n tí àjọ náà là kalẹ̀, a sì lè rìn ín ní àdúgbò láìdé oko tí ẹ̀rù wà.

Ẹni tí inú ń run ní apá òsì nísàlẹ̀ pẹ̀lú ibà, tí ìrora náà kò lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ìdí rẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà. Fọ́tò CT, ìyẹn fọ́tò inú ara tí ẹ̀rọ ńlá kan ń yà, ni wọ́n máa ń fi dá àpò tó wú mọ̀, a sì lè ní láti dé ìlú ńlá kí a tó rí i ṣe. Èyí tí kò le púpọ̀ kì í gbà ju ìsinmi, oúnjẹ olómi fún ọjọ́ díẹ̀ àti oògùn ìrora tí dókítà bá yàn, nígbà mìíràn láìsí oògùn apakòkòrò rárá. Èyí tó bá ti kó ọyún tàbí tó ti bẹ́ ni yóò gba pé kí wọ́n dá èèyàn dúró, kí wọ́n fa ọyún náà jáde tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà a máa dúró fúnra rẹ̀ lára bí èèyàn mẹ́ta nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ̀ ṣáájú pé òun kọ́ ni ẹnì kẹrin. Lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí aláìsàn béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n fi okùn oníkámẹ́rà wo inú ìfun, pàápàá bí wọn kò bá tíì wò ó fún un rí, torí pé jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sẹ́yìn àpò tó wú. Kí ó sì dárúkọ gbogbo àgbo àti oògùn kẹ́mísì tó ti lò, láìfi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú.